Gọ́tà ti mọ́, nẹ́ẹ̀tì wà nílé, kí ló dé tí ibà ò tán lára àwọn ọmọ?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ di ìjà nílé wa. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni fèrèsé wa kọjú sí. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, bí ibà bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn ọmọ, á gbá ìkejì mú. Ọkọ mi ní gọ́tà ló ń fà á, ọ́ọ̀lì mọ́tò tí wọ́n ti lò ló sì ń rà dà sí i. Ìyá ọkọ mi ní irọ́ ni, wọ́n ní oòrùn tí àwọn ọmọ ń sá kiri nínú rẹ̀ àti epo tí mò ń dà sọ́bẹ̀ ló ń fà á, pé ẹ̀fọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A gba nẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ nígbà tí wọ́n ń pín in, ṣùgbọ́n ooru ò jẹ́ ká lè sùn sínú ẹ̀. Ta ló jàre? Ẹ má ka ìwé sí mi létí o, ohun tí mo máa ṣe ni kí ẹ sọ.

* * *

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni mò ń wò látàárọ̀ dalẹ́, mo sì ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí lẹ́nu àwọn tó ń jókòó de èsì àyẹ̀wò débi pé mo lè bá wọn rò ó parí.

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ìyá o, àmọ́ oòrùn kì í fa ibà. Ó lè fa ẹ̀fọ́rí, ó lè mú kí ara ọmọ gbóná kó sì rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bó bá mu omi tó sinmi sábẹ́ ibòji, á lọ. Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń fa ibà tí à ń sọ yìí. Plasmodium falciparum lèyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló sì ń gbé e kiri. Akọ ẹ̀fọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ rárá, oje òdòdó ni tirẹ̀. Abo ló nílò ẹ̀jẹ̀ kó tó lè yé ẹyin.

Ohun tó ń ti ìyá lẹ́yìn ni pé bí ẹ̀fọn bá jẹ ọmọ lálẹ́ òní, ara rẹ̀ ò ní gbóná lọ́la. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15. Ta ló máa rántí ẹ̀fọn ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Oòrùn àná ni gbogbo wa rí, òun la ó dá lẹ́bi. Ti epo náà ò yàtọ̀: ẹni tí ibà ti ń mú bọ̀ lábẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ olépo ò ní bá a lára mu. Á jẹ ẹ́, á bì í, ilé á sì dìde sí ìyàwó tó se ọbẹ̀. Ẹ máa se ọbẹ̀ yín, ẹ jàre.

* * *

Mo rí i tí ẹnì kan ti ń yọ̀ nísàlẹ̀ pé "ọkọ ló jàre nígbà náà, gọ́tà ni." Ẹ rọra.

Àwọn ẹ̀fọn tó ń kún inú gọ́tà tó ń rùn, tí wọ́n ń kùn síni létí lóru, Culex ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ń jẹni, wọ́n ń yún ọmọ lẹ́sẹ̀ títí á fi di egbò, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ibà. Omi tó mọ́ díẹ̀, tí oòrùn ń tàn sí, ni Anopheles fẹ́ràn: ojú ẹsẹ̀ táyà lójú ọ̀nà tí wọn ò dà lọ́dà, ojú ẹsẹ̀ màlúù, kòtò ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, fáńdéṣọ̀n tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ò rówó kọ́ ilé lé lórí. N ò sọ pé kì í yé sínú ìdọ̀tí rárá. Ní Èkó, àwọn olùwádìí ti rí i nínú omi ẹlẹ́gbin, òun náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń náwó sórí gọ́tà, tó wá fi kòtò ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ nítorí pé omi ibẹ̀ ò rùn, ẹ̀fọn aláriwo ló ń bá jà, ó fi èyí tó ń pani sílẹ̀.

Ẹ tilẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ fi ike funfun bu omi náà, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó dúró jẹ́ẹ́. Tanwíjí tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ojú omi, Anopheles nìyẹn. Èyí tó bá dorí kodò, tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ nìkan ló kan ojú omi, kì í ṣe Anopheles. Bí wọ́n bá hu ìyẹ́ tán, tí wọ́n bà lé ògiri, Anopheles á forí sílẹ̀, á gbé ìdí sókè. Àwọn tó kù á na ara gbọọrọ pẹ̀lú ògiri.

Ọ́ọ̀lì mọ́tò yẹn, ẹ sọ fún ọkọ yín kó fi mọ. Nílé tí kànga àti gọ́tà bá sún mọ́ra, omi tí ẹ ń mu lẹ ń dà á sí. Owó yẹn á tó ra iyanrìn tí wọ́n máa fi dí kòtò. Tanwíjí lè di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí náà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wo àyíká ilé, ẹ má dúró de ọjọ́ ìmọ́tótó ìjọba.

Kì í ṣe òní la ti ń bá omi jà. Ronald Ross fi hàn ní 1897, ní India, pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Kò pẹ́ sígbà náà ni William MacGregor di gómìnà Èkó, láti 1899 sí 1904. Dókítà ni, ó ní kí wọ́n fa omi àbàtà kúrò, wọ́n sì gbẹ́ kànáàlì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè láàárín Èkó àti Ìkòyí. Ṣùgbọ́n òun náà ò fi mọ síbẹ̀, ó ń pín kuníìnì pẹ̀lú.

* * *

"Nẹ́ẹ̀tì ò wúlò. Ó ń ta ara, ó ń mú ooru, mo ti fi tèmi yí ọgbà ẹ̀fọ́ ká."

Ẹ̀gbọ́n tó kọ èyí, mo gbọ́ yín. Àwọn tó fi ṣe nẹ́ẹ̀tì ojú ilé bọ́ọ̀lù náà wà ládùúgbò wa. Ara títa yẹn, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nínú ọ̀rá ni wọ́n ń so ó. Ẹ tú u, ẹ fi í kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ibòji fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó sùn sínú rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn á pa oògùn ara rẹ̀. Bó bá dọ̀tí, ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bílíìsì, abẹ́ ibòji náà ni kó sì ti gbẹ. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, ó yẹ kó lò tó ọdún 3. Bó bá ya, abẹ́rẹ́ àti òwú wà lọ́jà.

Wọ́n tún ní ẹ̀fọn ti mọ oògùn ara nẹ́ẹ̀tì lójú. Òótọ́ ni, ó ti ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní PBO kún oògùn àwọn tuntun. Ṣùgbọ́n bí oògùn ò bá tilẹ̀ sí lára rẹ̀, aṣọ ṣì ni. Ẹ̀fọn tí kò bá rí ihò kò lè wọlé. Ẹ ṣáà máa tẹ etí rẹ̀ sábẹ́ ìbùsùn, kí ẹ má sì jẹ́ kí apá tàbí orúnkún ọmọ fara ti i, torí ẹ̀fọn á ti ìta fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Ooru yẹn ni ìjà gidi, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Bí iná ò bá sí, tí fáànù dákẹ́, ta ló máa wọ inú nẹ́ẹ̀tì? Àmọ́ àárín òru sí ìdájí ni Anopheles ń jẹun jù, àkókò náà gan-an ni ènìyàn sì máa ń tú nẹ́ẹ̀tì dànù. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn ènìyàn: ẹ so ó ga, kí ó fẹ̀, onígun mẹ́rin sàn ju olórí ṣóńṣó lọ. Bí ẹ bá ń sùn sí àgbàlá nígbà ooru, ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ so ó síta níbẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, torí kò sóhun tí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lè ṣe fún ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu títí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí nẹ́ẹ̀tì ò bá sì kárí, aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló ni ín. Bàbá lè fara da ẹ̀fọn.

* * *

Alágbo kan láti Ọjà-Ọba bínú sí wa. Wọ́n ní awọ́pa, dógóyárò, ewé ìbẹ́pẹ àti ewé mángòrò ni wọ́n fi tọ́ àwọn dàgbà, pé kí láàbù tó dé làgbo ti ń wo ibà.

Ìyá, n ò bú àgbo. Èèpo igi ni wọ́n ti rí kuníìnì. Oògùn ibà tí gbogbo ayé ń lò lónìí, inú ewé kan tí àwọn ará China ti ń lò látayébáyé ni Tu Youyou ti yọ ọ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìṣòro àgbo ni òṣùwọ̀n. Ife àgbo òní ki, tọ̀la á ṣàn, ó sì ṣòroó mọ èyí tó ti tó fún ọmọ ọdún 2. Àgbàlagbà tí ibà ti ń mú láti kékeré, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jà, ó lè mu àgbo kó sì dìde. Ọmọdé ò ní agbára yẹn. Láàárín ọjọ́ kan, ibà lè gun orí ọmọ, kí gìrì mú un.

Bí gìrì bá dé, ọ̀rọ̀ àgbo ti tán. Ẹ má fi ṣíbí la eyín rẹ̀, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lọ́fun, pàápàá àgbo gìrì onítọ̀ màlúù yẹn, ó ti pa ọmọ. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ yọ aṣọ lára rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti lè fún un ní abẹ́rẹ́ artesunate.

* * *

Ibi tó ń bí mi nínú jù la dé yìí. Ẹnì kan kọ ọ́ pé gbogbo ìgbà tí òun bá lọ ṣàyẹ̀wò, "maléríà pílọ́ọ̀sì méjì àti taifọ́ọ̀dù" ni wọ́n ń kọ fún òun, òun á gba abẹ́rẹ́, lẹ́yìn oṣù kan á tún dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nídìí iṣẹ́ wa. Taifọ́ọ̀dù kì í ti ara ẹ̀fọn wá, oúnjẹ àti omi tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbé e. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà ń ṣe fún un ní kẹ́míìsì, Widal lórúkọ rẹ̀. Wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ omi aláwọ̀ kan, wọ́n á máa wò ó bóyá ó dì. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílùú wa, tó ti ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ lè dì. Ibà ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ lè mú kó dì. Nítorí náà Widal kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé taifọ́ọ̀dù ló ń ṣe ènìyàn. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ní láàbù ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì ń gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ pé ẹ ní taifọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kan, mo fẹ́ kí ẹ ronú sí i.

"Pílọ́ọ̀sì" náà, iye kòkòrò tí a rí lórí síláìdì la fi ń kọ ọ́. Àgbàlagbà lè rìn wọlé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ara rẹ̀ le koko, kí kòkòrò díẹ̀ sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá wá gbóná nítorí òtútù àyà, pílọ́ọ̀sì kan á jáde, wọ́n á fún un lóògùn ibà, àyà ò ní sàn. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì: mo ti rí èsì láti ibòmíràn tí wọ́n kọ pílọ́ọ̀sì sí, tí mo tún ẹ̀jẹ̀ náà wò tí n ò rí kòkòrò kan. Àwọn kan ń kọ pílọ́ọ̀sì nítorí pé ẹni tó sanwó ò fẹ́ gbọ́ pé kò sí nǹkan.

Àyẹ̀wò kíákíá onílà, tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí, dára, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló ń gbà. Ẹ sáà mọ èyí nípa rẹ̀: èyí tó wọ́pọ̀ níbí, ìdọ̀tí tí kòkòrò náà fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, ìdọ̀tí yẹn sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Bí ẹ bá lo oògùn tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ tún fi òun yẹ ara wò, ìlà méjì lè jáde, ẹ ó sì máa gbé oògùn mì lórí oògùn. Síláìdì ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe.

Oògùn tó yẹ, ACT ni, èyí tí wọ́n fi èròjà ewé China yẹn pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn. Nàìjíríà ti fi kọlorokúìnì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ láti 2005, torí kòkòrò ti borí rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ACT, artemether-lumefantrine, ìgbà 6 ni wọ́n ń lò ó láàárín ọjọ́ 3. Ìlò kejì, wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, kí oúnjẹ náà ní ọ̀rá nínú, nítorí láìsí ọ̀rá, ara ò ní gba lumefantrine dáadáa. Ẹ wá rí i: epo tí ìyá ń bú yẹn ló ń bá oògùn ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì lò ó tán. Ẹni tó pín páálí kan fún ọmọ méjì nítorí pé ara ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìdajì kòkòrò ló pa.

* * *

Ọmọ Ìlọrin béèrè bóyá nẹ́ẹ̀tì lè dá ibà pọ́njú, tí wọ́n ń pè ní yellow fever, dúró. Ó kúrò lórí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ká gbọ́ ọ.

Kò lè dá a dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú nílùú, Aedes aegypti, ojúmọmọ ló ń jẹni. Ó dúdú, ó ní ilà funfun lára àti lẹ́sẹ̀, abẹ́ tábìlì ló máa ń wà, tí á máa jẹ ènìyàn lọ́rùn ẹsẹ̀. Òun náà ló ń gbé dẹ́ńgè, chikungunya àti Zika. Kò bá gọ́tà ṣe. Omi tí a fọwọ́ ara wa pọn sílẹ̀ ló ń yé sí: dúrọ́ọ̀mù, ìkòkò àmù, ike òdòdó, agolo, táyà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà.

Ẹ wo inú dúrọ́ọ̀mù tí omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan dúdú wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ní ojú ibi tí omi dé tẹ́lẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ni. Bí omi gbẹ, ẹyin yẹn lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bí òjò bá kún un padà, á pa. Nítorí náà dída omi nù kò tó. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ ha ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi ìdérí tó bò ó dáadáa dé e.

Ilẹ̀ tiwa náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1987, ibà pọ́njú jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀fọn inú omi ilé sì ló gbé e kiri. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara ni wọ́n ti tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó tó tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Cuba, Carlos Finlay ti sọ láti 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé e, wọn ò kà á sí fún nǹkan bí 20 ọdún, títí Walter Reed àti àwọn tirẹ̀ fi rí i ní 1900 pé òótọ́ ló sọ. Èkó náà ni dókítà Adrian Stokes kú sí ní 1927 nígbà tó ń wádìí rẹ̀, ibà pọ́njú náà ló sì pa á. Inú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin kan ní Gold Coast (Ghana òní), ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí Max Theiler sọ di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D.

Abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ayé. Láti 2016, yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́ náà, kì í parí mọ́. Síbẹ̀ àwọn kan ń sanwó fún káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn ò lè kàwé, kò ní béèrè káàdì.

* * *

Kíákíá lórí àwọn wọ̀nyí:

Ẹ̀fọn kì í gbé HIV. Inú rẹ̀ ló ti ń kú.

"Ẹ̀jẹ̀ mi dùn, èmi nìkan ni wọ́n ń jẹ." Èémí tí a ń mí síta, ooru ara àti òórùn awọ ara ló ń fà wọ́n. Aboyún ń mí púpọ̀, ara rẹ̀ sì gbóná díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ́ tọ̀ ọ́.

Aboyún náà gbọ́dọ̀ lo SP, oògùn tó ń dènà ibà nínú oyún, láti bí oyún bá ti kọjá oṣù 3, lóṣooṣù, ó kéré tán ìgbà 3 kó tó bímọ. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì bó bá ń lo folic acid oní-5mg, torí ó ń ba iṣẹ́ SP jẹ́.

Jẹ́nótáìpù AS ń dáàbò bo ọmọ díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó le. SS ò rí bẹ́ẹ̀, ibà lè pa ọmọ SS kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ fún yín.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti wà. NAFDAC fọwọ́ sí R21 ní 2023, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2024. Ìgbà 4 ni ọmọ ń gbà á. Ẹ béèrè nílé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ yín.

* * *

Àgbẹ̀ kan láti etí odò kan ní Òkè-Ògùn ní ẹ̀fọn kọ́ ni ìṣòro tiwọn, pé kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń ta ènìyàn lójúmọmọ létí omi ló ń yún wọn lára, àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sì ń fọ́jú.

Bàbá, ó jọ pé kòkòrò tó ń gbé aràn ojú fífọ́ ni. Omi tó ń sáré lórí òkúta ló ń yé sí, nẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe nǹkan fún yín lóko. Oògùn Mectizan tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ni ti yín, èyí tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá wọn gíga ènìyàn kí wọ́n tó mọ iye hóró tí wọ́n máa fún un. Ọ̀fẹ́ ni, láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi tọrẹ. Ó máa ń mú kí ara yún, kó sì wú díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní nítorí aràn tó ń kú, àwọn ènìyàn á wá ní oògùn náà burú, wọn ò ní lò ó lọ́dún kejì. Ẹ máa lò ó. Ibi tí jàbùtẹ̀ bá wà, wọ́n ń fi albendazole kún un. Jàbùtẹ̀ náà, ẹ̀fọn ló ń gbé e, Anopheles kan náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ò tẹ ẹbọ ẹnikẹ́ni.

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, torí wọ́n tún béèrè nípa Sniper àti ọ̀tapíápíá tí wọ́n ń fọ́n sí yàrá.

Ẹ má fọ́n ọn síbi tí ọmọ ń sùn. Dichlorvos ni, oògùn oko. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019 nítorí àwọn tó ń mu ún àti àwọn tó ń lò ó nínú ilé. Fílítì tí wọ́n ṣe fún inú ilé, ẹ fọ́n ọn, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jáde fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì. Èéfín èèpo ọsàn àti efínrín ń lé wọn díẹ̀, bí èéfín bá lọ, wọ́n á dé. Igi efínrín inú ìkòkò tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, ohun ọbẹ̀ ni. Kọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ níta gbangba, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lẹ ń fi san owó ẹ̀fọn.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó kékeré kan ná nílé yín, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó já ni mo máa kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà kòtò ẹ̀yìnkùlé. Bí ara ọmọ bá gbóná, owó àyẹ̀wò ni mo máa wá kí n tó wá owó oògùn. Gọ́tà ni mo máa ṣe kẹ́yìn, torí pé ó ń rùn.

* * *

Ẹni tó ń gbé ní Peckham, ní London: ẹ̀ ń kó àwọn ọmọ bọ̀ ní Kérésìmesì, ìyá yín ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kí ẹ má ra oògùn ibà, pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni wọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ò ní nǹkan án ṣe fún wọn níhìn-ín. Agbára tí àwa tí à ń gbé níbí ní, ẹ̀fọn ló fi jíjẹ léraléra fún wa. Ẹ̀yin fúnra yín, bí ẹ ti pẹ́ lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọmọ tí ẹ bí síbẹ̀ ò ní in rárá. Àwọn tó wá kí ẹbí nílé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń mú lẹ́yìn tí wọ́n bá padà dé Britain. Ẹ lọ bá oníkẹ́míìsì tàbí dókítà yín kí ẹ tó wá. Bó bá fún yín ní atovaquone-proguanil, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó wọ bàálù, lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà níbí, àti ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Doxycycline, ọ̀sẹ̀ 4 ni lẹ́yìn ìpadàbọ̀, wọn kì í sì í fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n tiwọn, ẹ má gé ti àgbàlagbà fún wọn.

Bí ara ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbóná láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ bá padà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà lẹ ti dé, kí ó tó sọ fún yín pé òtútù lásán ni. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọn ò bá rí nǹkan tí ara ṣì ń gbóná, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta.